Ẹ̀TỌ́ ỌMỌ KÉKERÉ NÍNÚ OÚNJẸ ILÉ

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ dá lórí oúnjẹ àwọn ọmọ wa kéékèèké, láti ọjọ́ tí a bí wọn títí wọn ó fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Kí ló kan àáfà nínú ọ̀rọ̀ ìdáná? Ṣebí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin àti àwọn nọ́ọ̀sì nìyẹn." Èsì wa ni pé Àlùkùráánì fúnra rẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Nínú Suratul Baqarah, āyah 233, Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nípa fífún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, fún ẹni tó bá fẹ́ kí ó pé. Ní ojú kan náà ni Ó ti gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lé bàbá ọmọ lọ́rùn, ní ìwọ̀n agbára rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kan ọkùnrin gẹ́gẹ́ bó ṣe kan obìnrin.

Kókó ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ kékeré ní ẹ̀tọ́ nínú oúnjẹ ilé, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe àjẹkù. Òótọ́ ni pé àwọn ilé kan wà tí kò sí oúnjẹ níbẹ̀ rárá. Àwọn yẹn, sàká àti sàárà wa ló tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ohun tí yóò mú ọmọ dàgbà ti wà nínú ìkòkò. Bí a ṣe ń sè é àti bí a ṣe ń pín in ló kù díẹ̀ káàtó.

1. ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI ṢE PÀTÀKÌ

Ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn. Ìwádìí kan náà sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59, 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ibà tí ẹ̀fọn ń kó ranni wà nínú ohun tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, aràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, oúnjẹ tí kò ní èròjà tó náà sì wà níbẹ̀.

Tí a bá rí ọmọ tó kúrú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, a máa ń sọ pé, "Ìdílé wọn ni kò ga." Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n tí ọmọ tó kúrú bá ń lọ sí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdílé mọ́. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé ẹgbẹ̀rún ọjọ́ àkọ́kọ́, láti ìgbà tí oyún dúró títí di ìgbà tí ọmọ pé ọdún méjì, ni egungun àti ọpọlọ ń mọ kíákíá jù. Ohun tó bá já bọ́ nígbà yẹn ṣòroó dá padà tó bá yá. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ jẹ́ ká ro ibi tí èyí ń gbé wa lọ. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò rí oúnjẹ jẹ nígbà tó ń mọ, nígbà tó bá dé ilé kéú, ṣé ẹ rí i, àwa náà la ó máa mú pàṣán pé kò fetí sílẹ̀, pé wàláà kan ni ó fi oṣù mẹ́ta kọ́. A kò ní mọ̀ pé kì í ṣe oríkunkun. Ebi àná ló ń sọ̀rọ̀.

2. OṢÙ MẸ́FÀ ÀKỌ́KỌ́: ỌMÚ NÌKAN

Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọmú nìkan ni kí a máa fún ọmọ fún oṣù mẹ́fà gbáko. Ìtumọ̀ "ọmú nìkan" ni pé kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí glucose, kò sí ẹ̀kọ. Òògùn tí dókítà bá fún ọmọ nìkan ni a yọ sílẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí ọdún 2018 yẹn sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ní Nàìjíríà, 29 péré ni wọ́n ń fún lọ́mú nìkan.

Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ kò ju mélòó kan lọ. Èkíní ni omi ọmú àkọ́kọ́. Omi ọmú tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́yìn ìbímọ máa ń ki, ó sì máa ń pọ́n bí ìyeyè. Àwọn àgbà kan a ní ó ti bàjẹ́, wọn a fún un dànù. Kò bàjẹ́ o. Ohun tí ń gbógun ti àìsàn pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti èyí tó funfun lọ, ó sì dà bí abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ tí ọmọ gbà. Láàárín wákàtí kan tí a bí ọmọ ni ó ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún.

Èkejì ni omi. Ìyá àgbà a sọ pé, "Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ooru mú." Ẹni tó bá wo omi ọmú dáadáa yóò rí i pé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó tó ọmọ mu, kódà nínú oòrùn oṣù kẹta. Omi tí a bá fún un lọ́tọ̀, ikùn rẹ̀ kékeré ló máa gbà, kò ní fa ọmú tó mọ́, ọmú ìyá náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Bí omi náà kò bá tún mọ́, ìgbẹ́ gbuuru dé nìyẹn.

Ẹ̀kẹta kan àwa àáfà gan-an. Nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun wá bá wa, àwọn kan nínú wa máa ń fún un ní hàǹtú, ìyẹn omi tí a fi fọ wàláà. A kò ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àdúrà. Ṣùgbọ́n tàdáwà wà nínú omi yẹn, ọwọ́ púpọ̀ ti kan wàláà, kànga tí a ti fa omi náà ni Ọlọ́run mọ̀. Ikùn ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì kò lè gbé e. Ẹ jẹ́ kí a ka àdúrà sí ọmọ lórí, kí a fẹ́ ẹ sí i. Bí ó bá jẹ́ dandan kí ẹnìkan mu nǹkan, ìyá rẹ̀ ti dàgbà.

Ẹ̀kẹrin ni oyin. Níbi ìsọmọlórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n máa ń tọ́ oyin sí ọmọ lẹ́nu. Ẹnìkan lè béèrè pé, "Ṣebí ìwòsàn wà nínú oyin gẹ́gẹ́ bí Suratun Nahl ti wí?" Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó dára kọ́ ló ti tó àkókò fún ọmọ jòjòló. Ẹran halāl ni ẹran àkíkà, ta ló máa gé e sí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́nu? Kòkòrò àìrí kan máa ń sá pamọ́ sínú oyin mìíràn. Ikùn àgbàlagbà máa ń borí rẹ̀, ikùn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kì í lè borí rẹ̀. Bí ó bá hù nínú ikùn ọmọ, oró rẹ̀ a máa sọ iṣan ọmọ di aláìlágbára: ọrùn á rọ, ẹkún á fúyẹ́, kò ní lè fa ọmú, èémí pàápàá lè ṣòro. Sísè oyin nílé kì í pa á. Nítorí náà, kí ọmọ pé ọdún kan kí ó tó tọ́ oyin wò. Àwọn àgbà lè tọ́ ọ wò níbi ìsọmọlórúkọ, kí wọ́n sì ṣàdúrà pé ayé ọmọ á dùn. Àdúrà náà á gbà, in shā Allah.

Ní ti tahnīk, ìyẹn fífi dàbínù kan òkè ẹnu ọmọ, sunnah ni, a kò sì sọ pé kí ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ ṣe é fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀. Kí dàbínù náà rọ̀ dáadáa, kí ó sì jẹ́ díẹ̀ bíńtín, tí kò ní dúró sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tí ikọ́ tàbí egbò ẹnu ń yọ lẹ́nu, kí ó fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Àmọ́ o, ìyá tí kò jẹun kò lè fún ọmọ lọ́mú pẹ́. Obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú nílò oúnjẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti èso, kí ó sì máa mu omi dáadáa. Ní oṣù Ramadan, ṣẹría ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti jẹun bí ó bá ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀. Bí yóò ṣe san án padà, kí ó béèrè lọ́wọ́ àáfà rẹ̀. Kí ọkọ tàbí ìyakọ má sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀ nítorí ohun tí Ọlọ́run mú rọrùn fún un.

3. KÍ A MÁ SÁRE JÁ ỌMỌ LẸ́NU ỌMÚ

Àwọn òpìtàn Islam gbà á wá pé ní ìgbà ìjọba Sayyidinā Umar ọmọ Khattāb (R.A.), ó ń fún àwọn ọmọ ní owó ìtọ́jú láti inú àpò ìjọba, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú nìkan ni. Ní òru ọjọ́ kan tó ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò tó wọ ìlú Madīnah, ó gbọ́ ẹkún ọmọ kan. Ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó lọ, ó padà, ẹkún kò dá. Nígbà tó bi ìyá náà léèrè, obìnrin náà, tí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ní òun ń fi agbára já ọmọ náà lẹ́nu ọmú nítorí Umar kì í fún ọmọ ọlọ́mú lówó. Wọ́n ní tí Umar fi kírun àsùbá ní ọjọ́ náà, ẹkún kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ kíké rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló pàṣẹ pé kí wọ́n máa fún gbogbo ọmọ ní owó láti ọjọ́ tí a bá ti bí wọn, kí ẹnikẹ́ni má sì sáré já ọmọ lẹ́nu ọmú mọ́.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Ìyá yẹn kò burú, ètò tó wà nílẹ̀ ló tì í. Bákan náà lónìí, obìnrin tó ń já ọmọ oṣù mẹ́jọ lẹ́nu ọmú lè jẹ́ pé ọjà ló ń lé e, tàbí ọ̀gá níbi iṣẹ́, tàbí oyún mìíràn tó ti dé. Kí a tó bá a wí, ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé kí ni àwa ọkọ ti ṣe.

Ọ̀rọ̀ oyún tó tètè dé yìí ní orúkọ nínú ìmọ̀ ìṣègùn. Dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí. Ní ọdún 1935 ó kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń mú ẹsẹ̀ ọmọ wú, tó ń sọ irun rẹ̀ di pupa, tó ń bó ara rẹ̀. Orúkọ tí àwọn Gà ń pè é ló fi pè é: kwashiorkor. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn tó ń mú ẹ̀gbọ́n nígbà tí àbúrò bá dé. Àwọn ìyá ti mọ̀ ọ́n kí dókítà tó dé: ọmọ tí wọ́n gbé kúrò lẹ́nu ọmú, tí wọ́n sì fi sídìí ẹ̀kọ tàbí ẹ̀gẹ́ nìkan, ni àìsàn náà ń wá. Fífi àyè sílẹ̀ láàárín ọmọ kan àti èkejì jẹ́ ara oúnjẹ ọmọ.

4. ÒGÌ KÒ BURÚ, ṢÙGBỌ́N KÒ DÁ TÓ

Tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan kò tó mọ́. Oúnjẹ mìíràn gbọ́dọ̀ bá a ṣiṣẹ́, bí ọmú ti ń bá a lọ títí di ọdún méjì. Ilẹ̀ Yorùbá, ògì la máa ń kọ́kọ́ fún ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń ṣe ògì. A ó rẹ ọkà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ. Èyí tó bá kù sínú aṣọ là ń pè ní èèrí, ewúrẹ́ àti àgùntàn la sì ń kó o fún. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí ń mú ara dàgbà nínú ọkà ló bá èèrí lọ. Ewúrẹ́ yó, ara rẹ̀ ń dán, ọmọ wa ń mu omi ògì. Lẹ́yìn èyí, a ó tún po ògì náà kí ó ṣàn kí ó lè rọrùn láti mu. Ikùn ọmọ tó wọn kílò mẹ́jọ kò gbà ju nǹkan bíi mílílítà 240 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò kún ìgò mínírà onígíláàsì kan. Bí a bá fi omi kún un, ọmọ á sùn, a ó rò pé ó yó. Kò yó, ó kún fún omi ni.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ kò le. Èkíní, kí ògì ki dé ibi pé tí a bá fi ṣíbí bù ú, kò ní ṣàn kúrò nínú ṣíbí kíákíá. Èkejì, ká fi nǹkan kún un: ẹ̀wà sísè tí a ti bó tí a sì lọ̀, tàbí edé gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná, tàbí ẹja gbígbẹ tí a ti yọ egungun rẹ̀, tàbí ẹ̀pà tí a lọ̀ dáadáa, tàbí ẹyin sísè, pẹ̀lú ṣíbí epo pupa kékeré kan. Epo pupa yìí, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ohun tó mú kó pọ́n gan-an ni ara ń sọ di fítámì A, tó ń dáàbò bo ojú àti àwọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ́ epo náà títí tó fi funfun, a ti jó fítámì rẹ̀ nù.

Ẹ̀kẹta, a lè po sóyà mọ́ ọkà kí a tó lọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oshodi, tí wọ́n ń pè ní FIIRO, ti ṣe irú ògì oní-sóyà bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú ilé, bí a bá wọn ọkà lọ́nà mẹ́ta, kí sóyà jẹ́ ọ̀nà kan. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ se sóyà náà fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, kí a bó o, nítorí sóyà tútù kì í jẹ́ kí ikùn lo oúnjẹ bó ṣe yẹ.

Ní ti ìwọ̀n, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́fà, ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta ti tó fún un lẹ́ẹ̀kan, ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Díẹ̀díẹ̀, kí ó dé ìdajì ife. Láti oṣù mẹ́sàn-án, ìdajì ife, ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Tó bá pé ọdún kan, kí ó lọ sí ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin ife títí dé ife kan, ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, pẹ̀lú nǹkan ìpanu bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, máńgòrò tàbí àkàrà. Ife tí a ń sọ ni èyí tó gba mílílítà 250. Láti oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, kò sí ìdí tí ọmọ kò fi lè jẹ nínú ohun tí ilé ń jẹ: mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ìrẹsì tó rọ̀. Kí a kàn yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ata àti iyọ̀ tó pọ̀ sí i.

5. ẸYIN, ẸJA ÀTI ẸRAN: TA LÓ NI Ín?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin tàbí ẹran yóò di olè, torí ó ti mọ adùn rẹ̀. Nítorí èyí, bàbá ni yóò jẹ ẹran mẹ́ta, ìyá ọ̀kan, ọmọ yóò fi omi ọbẹ̀ jẹ ẹ̀bà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: èwo ló ń ti ènìyàn sí olè, ohun tó rí jẹ ni, àbí ohun tó ń rí lójoojúmọ́ tí wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn? Kò sí āyah, kò sí hadith tó sọ pé ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń dènà olè.

Ìwọ̀n tí ọmọ nílò kò pọ̀. Ẹyin kan, tàbí ẹja tó tó ìka méjì, tàbí ẹ̀dọ̀ díẹ̀ tí a gún, ti ṣe iṣẹ́ ńlá nínú ara ọmọ ọdún kan. Èròjà irin tó ń di ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹran àti ẹ̀dọ̀, ara sì máa ń tètè gbà á. Ó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ara kì í gbà á tó bẹ́ẹ̀ àfi tí ọsàn tàbí èso mìíràn bá tẹ̀ lé e. Tíì ni ọ̀tá rẹ̀. Ọmọ tó fi tíì ti ẹ̀wà sọ́nà ọ̀fun ti sọ púpọ̀ nínú irin náà nù.

Ilé tí kò lè ra ẹran lójoojúmọ́, kò burú. Panla, edé, wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà tí a tún sè dáadáa, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí wà níbẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹyọ kan tó bá wọlé, kí ọmọ tó kéré jù ti ní ìpín nínú rẹ̀ kí àwo tó dé iwájú àgbà. Àwọn baba wa sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

6. RÍRỌ ỌMỌ ÀTI ÀWO TI Ọ̀TỌ̀

Àwọn ìyá kan ṣì ń rọ ọmọ. Wọn á gbé ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, wọn á fi ọwọ́ dí i nímú tàbí kí wọ́n kó àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀, wọn á da ẹ̀kọ sí i. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọmọ tó ń sunkún ni a ń da omi sí lẹ́nu yẹn, ẹ̀kọ náà lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ọmọ mìíràn kú síbẹ̀, wọ́n ní ayé ló ṣe é. Kí ọmọ jókòó, kí a fi ṣíbí àti ife bọ́ ọ, pẹ̀lú sùúrù àti ẹ̀rín. Bí ó bá yí orí, kí a sinmi, kí a tún gbìyànjú.

Tí ọmọ bá ti ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun nínú àwo kan, ọwọ́ rẹ̀ kò lè yá tó tiwọn. Kí ó tó gbé òkèlè méjì, àwo ti gbẹ. Nítorí náà, kí ó ní àwo tirẹ̀, kí ìyá tàbí bàbá lè rí ohun tó jẹ. Ẹ rántí Umar ọmọ Abū Salamah, ọmọ tó dàgbà nílé Òjíṣẹ́ Ọlọ́run (S.A.W.). Ọwọ́ rẹ̀ ń rìn káàkiri inú àwo, Ànábì sì kọ́ ọ pé kí ó dárúkọ Ọlọ́run, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, kí ó jẹ níwájú ara rẹ̀. A máa ń fi hadith yìí kọ́ ọmọ ní ìwà. Àmọ́ ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú rẹ̀ fún bàbá: Ànábì jókòó ti ọmọdé nídìí oúnjẹ, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bàbá mélòó nínú wa ló mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ jẹ lánàá?

7. OHUN TÓ YẸ KÍ A DÍNKÙ

Mínírà, bísíkíìtì, súìtì àti tíì oní-ṣúgà kì í ṣe oúnjẹ ọmọ. Wọ́n ń pa ebi rẹ̀, wọn kì í bọ́ ọ, wọ́n sì ń ba eyín jẹ́. Àwọn oúnjẹ oní-nudù tí a ń sè kíákíá, iyọ̀ pọ̀ nínú èròjà rẹ̀. Tí ilé bá fẹ́ sè é, kí a dín èròjà náà kù, kí a fi ẹyin àti ẹ̀fọ́ sí i, kó má sì jẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ̀pà odindi, kí ọmọ má jẹ ẹ́ títí yóò fi pé ọdún márùn-ún, nítorí ó lè há a lọ́fun. Ọkà àti ẹ̀pà tó ti bu, ẹ jẹ́ ká kó o dànù. Májèlé tó wà nínú ibu yẹn kì í bá iná lọ.

8. NÍGBÀ TÍ ARA ỌMỌ KÒ BÁ YÁ

Tí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, àwọn kan a ní kí a má fún un lóúnjẹ kí ìgbẹ́ lè dá. Àṣìṣe ńlá ni. Kí ọmú má dúró, kí oúnjẹ rírọ̀ má dúró. Láti ọdún 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ti ní kí a máa fún un ní O.R.S. tí a pò mọ́ omi tó mọ́, àti oògùn síǹkì fún ọjọ́ 10 sí 14. Méjèèjì wà ní ilé ìwòsàn àti ní ilé àwọn olóògùn. Tí ara ọmọ bá sì ti yá, ká fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kún tirẹ̀ lóòjọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lè gba ohun tó sọ nù padà.

Kí a máa gbé ọmọ lọ wọn. Káàdì tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ní ilé ìwòsàn, ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó gbé e kalẹ̀: Dókítà David Morley ló ṣe é nígbà tó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Ilesa, tó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ Imesi-Ile ní ìparí àwọn ọdún 1950. Bí ìlà káàdì náà kò bá gòkè fún oṣù méjì, ẹ béèrè. Wọ́n tún ní tẹ́ẹ̀pù aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí 59. Bí apá kò bá tó sẹ̀ntímítà 11.5, pupa ni. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Kò yẹ kí ó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, títí kan àáfà.

9. ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin bàbá, owó oúnjẹ tí ẹ ń fún ìyàwó yín, ìjọsìn ni. Ẹ jẹ́ kó tó, kó sì tètè dé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ fi epo àti edé sí ògì, ẹ jẹ́ kí ó ki. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ bá wa dá omi àti àgbo dúró fún oṣù mẹ́fà péré. Ẹ̀yin lèmọ́mù, níbi ìsọmọlórúkọ tí ẹ bá tún lọ, kí wáàsí yín má parí láìfi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ọ̀rọ̀ ọmú àti oyin. Níbẹ̀ gan-an ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn pé jọ sí.

A kò ní bi wá léèrè iye ẹran tó wà nínú àwo wa nìkan. A ó bi wá léèrè àwọn tí Ọlọ́run fi sábẹ́ wa. Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa, kí Ó fi ara líle àti làákàyè jíǹkí wọn, kí Ó fi halāl bùkún ilé wa, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn tí a ń bọ́ lónìí sin wá lọ́la. Āmīn.